Omi Wọlé, Kò Kanlẹ̀kùn

Ìyá Agbanimọ̀ràn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ri íntálọ́ọ̀kì sílẹ̀ láti géètì dé iwájú ilé mi n'Íbàdàn. Ó dán débi pé àwọn ará àdúgbò ń wá ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, pálọ̀ lomi ń rọ́ wọ̀. Bíríkìlà ní òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù.
— Olówó Inú Omi

Olówó, ẹ kú ìnáwó. Òjò ọdún yìí kọ́. Òjò tó pọ̀ jù ni èyí tó mú odò Ògùnpa ya lọ́dún 1980. Èyí tó wọ pálọ̀ yín, ilẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún un.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, ẹ pe bíríkìlà wá jẹyán. Àga ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì ní kó bọ́ bàtà. Bí omi bá mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, á rántí fúnra rẹ̀ pé òun da ilẹ̀ kọ ilé. Kó tó fọwọ́ tán, ẹ gbé rọ́bà omi tí wọ́n fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe dọ́gba jáde, kó di orí kan mú ní géètì, kẹ́ ẹ di èkejì mú lẹ́nu ilé. Kò séèyàn tó lè parọ́ mọ́ rọ́bà yẹn. Bí ọ̀nà bá gùn tó mítà 10, ó yẹ kó fi sẹ̀ńtímítà 10 sí 20 relẹ̀ síbi tí omi máa gbà jáde.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí kò sì sówó láti hú gbogbo íntálọ́ọ̀kì náà tún tẹ́, kó la gọ́tà kan dábùú iwájú ilé, kó fi páìpù ìnṣì 4 fa omi ẹ̀ lọ sí gọ́tà àdúgbò. Kó gbẹ́ kòtò kékeré síbi tí omi ti máa wọ páìpù, kí iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa dúró síbẹ̀. Bí gọ́tà títì bá ga ju ilé lọ, ẹ gbẹ́ sókàwéè òjò lọ́tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ilé ìgbẹ́ o! Ẹ ò fẹ́ mọ ohun tó máa padà wá kí yín.

Irin orí gọ́tà ńkọ́? Ẹ dè é mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ra kòńdẹ́mù ti díye lé e.

Ìyá, ọkọ mi ti ṣe gọ́tà tiwa, ó dáa gan-an. Àgbàlá aládùúgbò ló kọjú ẹnu ẹ̀ sí. Wọn ò kí wa mọ́.
— Aya Onígọ́tà

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí yín? Omi ti dé àgbọ̀n wọn. Ẹ yí páìpù yẹn padà lọ́la. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ òní, ẹ tètè ju ẹja àrọ̀ méjì sínú gọ́tà, kí wọ́n lè rò pé ẹ̀bùn lẹ fi ránṣẹ́.