Ṣé Ẹ Ti Mú Un?

Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló fà á. Ó ní owó ilé tóun ń san lóṣooṣù ti sọ òun dẹni tí báǹkì ń bẹ̀ kó wá yáwó, pé onílé òun máa ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣọwọ́ sí Experian, tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè àwọn èèyàn níbẹ̀. Ta ló wá sanwó ilé jù mí lọ? Mo kó rìsíìtì owó ilé mi l'Ágbowó sínú láílọ́ọ̀nù, ó di báǹkì kan ní Dùgbẹ̀.

Mo dà wọ́n sílẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀yáwó bí ẹni pàtẹ orógbó. Bàbá lánlọ́ọ̀dù kọ nǹkan sẹ́yìn ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà kà á sókè: “Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó má purọ́ pé òun ti san.” Gbogbo ìlà gbọ́.

“Sà, ṣé onílé yín lè jẹ́rìí yín?”

“Bàbá kẹ̀? Ọmọ ni wọ́n fi mí ṣe!”

Ó tẹ nọ́ńbà wọn, ó gbé e sí sípíkà.

“Ẹ káàsán sà. Báǹkì la ti ń pè, lórí ọ̀rọ̀ ayálégbé yín...”

“Ṣé ẹ ti mú un?”

“Rárá sà, wọ́n kàn...”

“Ẹ dì í mú! Mò ń wọ ṣòkòtò lọ́wọ́, mo ti ń bọ̀!”

Síkiọ́rítì wá dúró sẹ́yìn àga mi. Ìyá kan lórí ìlà yí báàgì rẹ̀ sí èjìká kejì.

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó ní iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń kó ìtàn gbèsè jọ ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, òfin ọdún 2017 sì wà lórí ẹ̀. Báǹkì àtàwọn ayánilówó orí fóònù ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn, BVN ló sì ń so ó mọ́ni lọ́rùn. Lánlọ́ọ̀dù mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ síbì kan. Ó tẹ tèmi jáde: owó ilé ò sí níbẹ̀, àmọ́ ₦5,000 tí mo yá lórí fóònù nítorí dátà tí mo fi wo bọ́ọ̀lù, tí mo gbàgbé, ó wà níbẹ̀ rekete.

Inú bí mi sí àwọn iléeṣẹ́ náà, mi ò tíì dárí jì wọ́n. Lóṣooṣù ni wọ́n ń sanwó ilé ní London. Níbí, ọdún kan gbáko la ó kó kalẹ̀ ká tó rí kọ́kọ́rọ́, owó éjẹ́ǹtì lọ́tọ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti gbowó oṣù Kejìlá ná láti oṣù Kìn-ín-ní, ṣé kì í ṣe pé a yá a lówó ni? Ìtàn gbèsè Bàbá ló yẹ kí wọ́n máa kọ!

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọn lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé, wọ́n wá wo yíká.

“Ọmọ mi, ṣé èèyàn lè fi owó ilé tó ń gbà yáwó?”

“Ó ṣeé ṣe, Bàbá, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí pé owó ń wọlé.”

Ọmọbìnrin náà ní kí n dìde fún Bàbá. Bàbá jókòó, wọ́n sì fa láílọ́ọ̀nù rìsíìtì mi sọ́dọ̀ ara wọn.