Láptọ́ọ̀pù Kọ̀, Kò Jí: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dẹ̀ Pọ́ńbélé

O tẹ bọ́tìnì, iná tàn, fáànù ń fẹ́ fùù, ṣùgbọ́n Wíńdòòsì ò yọjú. Ọ̀rọ̀ funfun kan ló jókòó sójú ẹ̀rọ: "No bootable device". Má kà á. Tó o bá kà á, wàá mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù ò kú. Ó wá Wíńdòòsì títí, kò rí i ni. Kí lo wá fẹ́ fi ẹkún tó o ti múra sílẹ̀ ṣe?

Kọ́kọ́ gbá a létí. Nínú hard disk àtijọ́, àwo kan sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láì kàn án. Ìgbájú kan péré lè mú kí àwọn méjèèjì forí gbárí. Tó o bá ti ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́, o káre. Bó bá jẹ́ SSD ni tìẹ, kò sóhun tó ń yí nínú rẹ̀, àmọ́ ṣáà gbá a, àṣà ni.

Fláàṣì tó ti wà lára rẹ̀ láti àná ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan máa ń kọ́kọ́ wo fláàṣì kí wọ́n tó wo inú ara wọn. Tí wọn ò bá rí Wíńdòòsì níbẹ̀, wọ́n á dúró gbagidi bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn ilé ahoro. Tó o bá yọ ọ́, wàhálà lè tán lójú ẹsẹ̀, o ò sì ní rí ìtàn sọ níbi iṣẹ́.

Ó kan BIOS, ibi tí ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ wà. Láti wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ kan ń fẹ́ F2, òmíràn ń fẹ́ Delete. Ìwọ da ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bo kíbọọ̀dù. Tó o bá wọlé, yí ọ̀nà ìgbéra láti UEFI sí Legacy, ṣebí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp. Wíńdòòsì tí wọ́n fi UEFI gbé kalẹ̀ kì í gbéra ní Legacy, ìṣòro kan á di méjì. Má wo aago tó wà níbẹ̀ o! Bó bá ti sá padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì roboto tí wọ́n ń pè ní CR2032 ló kú, tí ẹ̀rọ sì gbàgbé ètò rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Kò yẹ irú ẹ.

Wàyí o, ó di Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà. Ẹ̀ńjíníà tó bá ní "motherboard ti lọ" kó tó tú síkúrù kan, òun ni tìẹ. Tó bá ní kẹ́ ẹ format ẹ̀, gbà fún un kíá. Fláàṣì 8GB àti kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ tó láti ṣe ohun tó lè tún Wíńdòòsì ṣe láì pa fáàlì rẹ́, àmọ́ ta ló nírú sùúrù yẹn? Ní July 19, 2024, àtúnṣe kan láti ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀ káàkiri ayé. Fáàlì burúkú kan ni wọ́n ń gba inú Safe Mode pa rẹ́ kí wọ́n lè jí. Ìwọ ì bá ti format gbogbo wọn.

Bí ẹ̀rọ bá wá bèèrè nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 ti BitLocker, àgádágodo Wíńdòòsì, tẹ ọjọ́ ìbí ẹ. Nọ́ńbà gan-an lè wà nínú àkáǹtì Microsoft rẹ, ìyẹn tó o ti gbàgbé password ẹ̀. Pe Microsoft. Tí nọ́ńbà náà bá ti sọnù, àwọn gan-an ò lè ṣe òmíràn fún ọ.