Ẹja Tí A Kò Gbọdọ̀ Jẹ, Odò Tí A Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Nínú gbogbo ìwà tí ọmọ Yorùbá lè kọ́ ní òkè òkun, tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi máa bi ara wọn léèrè bóyá ayé ti fọwọ́ kan ọmọ àwọn, mo rò pé kò sí èyí tí ó burú tó pé kí àgbàlagbà ọkùnrin, tí ó ní ilé, tí ó ní aya, tí ilé rẹ̀ sì móoru, dìde láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọ̀gìnnìtìn, kí ó kó aṣọ lé aṣọ bí ẹni tí ó fẹ́ gbé eégún, kí ó wa ọkọ̀ gba ọ̀nà jíjìn lọ sí etí odò kan láàárín igbó, kí ó sì dúró nínú omi tútù títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, nítorí ẹja kan tí òfin ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé relé. Ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ wa ti dé etí yín láti ẹnu àwọn ìyàwó wa, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi.

Ìpínlẹ̀ Washington ni mo ń gbé. Kì í ṣe Washington tí ààfin ààrẹ Amẹ́ríkà wà, èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ni, tí ó kọjú sí òkun Pàsífíìkì. Ní igun kan ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Olympic Peninsula, òkè kan wà tí yìnyín kì í tán lórí rẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ìdí yìnyín yẹn ni odò Hoh ti ń ṣàn bọ̀, tí ó ń gba inú igbó kìjikìji kan kọjá, níbi tí òjò tí ń rọ̀ lọ́dún ju mítà 3 lọ, tí ewé tútù múlọ́múlọ́ sì bo gbogbo igi láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá rò pé òun mọ òjò nítorí pé òun ti rí ti oṣù Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú, kí ó wá wo ti Hoh ní oṣù Ṣẹrẹ. Òjò ilé wa a máa bínú, yóò rọ̀, yóò sì dá. Òjò ti ibí kì í bínú, kì í sì í dá.

Ẹja tí ó fa gbogbo wàhálà yìí ni wọ́n ń pè ní steelhead. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti rainbow trout tí kì í kúrò lódò, àfi pé òun ní ẹsẹ̀ àjò. Nínú odò ni a ti ń bí i. Bí ó bá ti lo ọdún kan sí mẹ́ta níbẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òkun, yóò jẹun, yóò sanra, yóò rí ohun tí ojú ń rí. Nígbà tí àkókò bá sì tó, yóò máa gbọ́ òórùn omi tí a bí i sí títí yóò fi padà wọlé wá yé ẹyin. Àwọn tí wọ́n ń wọlé nígbà òtútù a máa dé láti oṣù Bélú títí dé oṣù Igbe. Sámọ́nì ti Pàsífíìkì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń yé, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Ṣùgbọ́n steelhead lè yé ẹyin tán, kí ó tún padà sí òkun, kí ó sì tún bọ̀ lọ́dún mìíràn. Àwa ará òkèèrè tí a ti ń sọ láti ọdún mọ́dún pé Kérésì tí ń bọ̀ ni a ó wálé, ẹ wo ẹja tí ń relé jù wá lọ, kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sà wa ni ó ń wọ̀ ni, àwọn ìyá wa ì bá ti máa kì í pé:

Ọmọ odò tí í jogún òkun,
A-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-ilé,
A-gun-odò-bí-ẹni-gun-òkè,
Fàdákà abẹ́ omi tí í gba okùn lọ́wọ́ ọ̀lẹ.

Ní ọdún 1969 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ Washington. Àwọn apẹja ibẹ̀ a máa sọ pé ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ènìyàn ń ju ìwọ̀ kí steelhead tó gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ń tù wá nínú ni.

Ọjọ́ tí ó bá wá gbé e, ọ̀pá á tẹ̀, okùn á máa han bí ẹja ti ń fà á lọ, ènìyàn á máa tọ etí odò tẹ̀ lé e lórí òkúta yíyọ̀, ìka ọwọ́ tí òtútù ti gba ìmọ̀lára lọ́wọ́ rẹ̀ á sì máa ká okùn díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹja bá sún mọ́ orúnkún tán, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, ni ojú apẹja kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́bẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí ó bá pé, ẹja abínibí ni, a kò gbọdọ̀ mú un, a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbé e jáde kúrò nínú omi pátápátá, ìbáà ṣe láti yàwòrán. Kí a tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ó máa lọ ni. Bí wọ́n bá ti gé e, ẹja ọ̀sìn ni, tí ìjọba ti ilé ìsìnja tú sódò. Èyí ni a lè gbé relé níbi tí òfin bá ti gbà á, a ó sì fi gègé kọ ọ́ sórí káàdì lójú ẹsẹ̀, nínú òjò yẹn. Ìwọ̀ gan-an, ẹyọ kan ni, wọn a sì ti tẹ ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ pa kí ó má baà ya ẹja lẹ́nu. Ní púpọ̀ nínú àwọn odò wọ̀nyí, ìjẹ kò gbọdọ̀ sí lórí rẹ̀. Gbogbo èyí, owó ni a fi ń ra àṣẹ rẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n bí i sórí ẹja, ẹja ni ó fi tọ́ ọmọ dé yunifásítì, ojú rẹ̀ sì mọ ìwọ̀n ọ̀bọ̀kún ju òṣùwọ̀n lọ. Òun ni mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ lórí fóònù.

"Àkànní, wọ́n ní o ti di apẹja."
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo mú ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé. Ó gùn tó apá mi."
"Káre, ọmọ mi! Ṣé ẹ sè é ni, àbí ẹ yan án?"
"Mo dá a padà sódò ni, mà."

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Èló ni wọ́n fún ọ tí o fi dá a padà?"
"Èmi ni mo sanwó, mà."
"Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ọ?"
"Kò sí ẹnì kankan, mà."
"Ha! Gbé fóònù fún ìyàwó rẹ."

Síbẹ̀, bí títú ẹja sílẹ̀ bá ya ìyá lẹ́nu, ó tún ku ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni títi odò pa. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà a máa ṣírò iye steelhead tí ó yẹ kí ó wọlé kí ìran tí ń bọ̀ má baà run. Bí wọ́n bá sì rí i pé iye tí ń bọ̀ kò ní í tó, wọn a ti odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ìgbà ẹja ni. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ sómi lọ́jọ́ kan tí bàbá arúgbó kan wa ọkọ̀ dé, tí ó wọ́ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ọ̀nà jíjìn sì wà lára méjèèjì. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kàn mọ́ òpó igi. Ó fi ìka tọ gbogbo ìlà rẹ̀, ó ṣẹ́ èpè kan tí n kò ní í kọ síhìn-ín, ó bu kọfí láti inú fíláàsì rẹ̀ fún èmi tí mo ti kà á ṣáájú rẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ padà. Kò sí ọlọ́pàá nítòsí, kò sì sí ilé kankan. Odò nìkan ni ó ń hó lọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kí ó wí pé òyìnbó nìkan ni ó mọ òfin í pa mọ́, nítorí pé àwọn gan-an ni wọ́n ba àwọn odò náà jẹ́. Ní ọdún 1913 wọ́n fi ìdídò dí odò Elwha láì ṣe ọ̀nà kankan fún ẹja láti gbà kọjá, wọ́n sì tún kọ́ òmíràn sókè rẹ̀ ní ọdún 1927. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ẹja tí ń darí bọ̀ wálé fi ń forí sọ ògiri. Ní ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ìdídò méjèèjì, wọ́n wó wọn tán ní 2014, láti 2011 náà ni wọ́n sì ti fòfin de ẹja pípa níbẹ̀ kí ẹja lè tún gba ilé baba rẹ̀. Àwọn ará Lower Elwha Klallam, tí wọ́n ni odò náà kí òyìnbó tó dé, kó àwọ̀n wọn kúrò lómi pẹ̀lú. Di ọdún 2023 ni wọ́n tó tún pa ìwọ̀nba sámọ́nì níbẹ̀ fún ayẹyẹ ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn àti fún oúnjẹ ilé.

Ní tiwa, ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohun tí ó ń jẹ́ kónílé ó gbélé? Bí Orò bá fẹ́ jáde, ìlú á pa lọ́lọ́. Bí ọba bá wàjà, ọjà á tú. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, àwọn ẹja ibẹ̀ sì ń dàgbà, wọ́n ń darúgbó láì sí káàdì, láì sí gègé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn kúrò létí igbó yẹn, ẹ ó rí odò tí ẹnìkan ti da Gamalin sí, oògùn tí a rà fún kòkòrò orí kòkó, tí àti ẹja ńlá àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì la ojú jọ léfòó. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù Ọ̀ṣun nínú igbó rẹ̀ náà lè jẹ́ ẹni tí ó da oògùn sí ìsàlẹ̀ odò.

Mo ro gbogbo èyí fún ìyá nígbà tí ó tún pè, mo ti rò pé mo ti jàre. Ìbéèrè kan péré ni ó bi mí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti odò, kí ni apẹja ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ?"

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìgbọràn èmi tí ẹran kún fíríìjì mi kò tó ohun tí a ń lu ìlù sí. Ti àwọn ará Elwha, tí ìkòkò ọbẹ̀ wọn wà nínú odò yẹn, ni ó tó. Ìyá ní òun kò lòdì sí kí ìjọba ti ọ̀sà pa nígbà tí ẹja bá ń yé, ṣùgbọ́n kí òfin kọ́kọ́ mú àwọn tí ọkọ̀ ńlá wọn ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbá ọmọ ẹja lọ, kí ó tó kan ẹni tí ó ní àjẹ̀ kan àti ìgèrè méjì.

Mo sọ fún un pé ẹjọ́ tí Billy Frank Jr. rò nìyẹn, ọmọ ẹ̀yà Nisqually tí wọ́n kọ́kọ́ mú nítorí ẹja nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, ní ọdún 1945, tí wọ́n sì mú ju ìgbà 50 lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n ń run ẹja, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ni wọ́n ń kó èyí tí ó pọ̀ jù. Títí adájọ́ Boldt fi dájọ́ ní ọdún 1974 pé ìdajì ẹja tí ó tọ́ láti pa jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n bá ìjọba ṣe àdéhùn.

Ìyá ní òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bí i bí ọmọ; ìyàwó mi ni kí n gbé fóònù fún.