Ata-ọfà-sókè-yí-awò-bojú

Àwọn àgbà ní, "Ata-ọfà-sókè-yí-odó-borí, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́." Ìkà ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí: ẹni tó ta ọfà sójú ọ̀run láàárín èrò, tó sì ti wá ibi forí pamọ́ sí kí ọfà tó já bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ìkà náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó mọ̀ pé ọfà tó bá gòkè á sọ̀ kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti jáde. Kò fìgbà kan rò pé odó ló máa bá òun darí rẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló fi odó bò, kò fi bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Tafàtafà òde òní ti ju odó nù, awò ló rà dípò rẹ̀. Bí ọfà rẹ̀ bá fò kọjá pátákó, tó lọ fara pamọ́ sínú koríko, á ní awò òun ni kò ríran dáadáa, ó di dandan kí òun ra èyí tó lágbára jù ú lọ.

Ọfà títa ti di eré ìdárayá báyìí, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ní ìta gbangba, mítà 70 ni ẹni tó ń lo ọrun ti Òlíńpíìkì ń dúró sí ibi àmì. Àmì náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122, ṣùgbọ́n òrùka máàkì 10 tó wà láàárín gbùngbùn ò ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ. Láti ibi jíjìn bẹ́ẹ̀, ojú lásán ò lè sọ ibi tí ọfà tín-ín-rín gúnlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí tafàtafà fi ń gbé awò-awọ̀nàjíjìn ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, èyí tí àwa ará Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tó gbọ́ Faransé ń pè ní longue-vue. Á ta ọfà, á yọjú wò ó, á mọ̀ bóyá òsì ló yà sí tàbí ọ̀tún, á tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, á tún òmíràn ta. Iṣẹ́ awò ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ, kì í bá èèyàn dá ẹjọ́ padà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ra ẹlẹ́rìí yìí. Ẹ kọrí sí ọjà Wàǹdó nílùú wa, kí ẹ wá ọmọkùnrin kan tó to ẹrù òkèèrè sílẹ̀ lórí tábìlì: ṣájà, àkìbọtí fóònù, aago ọwọ́ tí ò ní pẹ́ kú. Nínú wọn ni páálí dúdú kan wà tí wọ́n ya ẹyẹ àṣá sí lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ló fi ń sún nǹkan mọ́ ojú. Ẹ ó máa wo Kútọnu láti ibí!"

"Ṣé èèyàn lè fi wo òṣùpá?"

"Òṣùpá kẹ̀? Ẹ ó mọ ohun tí wọ́n sè lálẹ́ àná níbẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó na owó sílẹ̀. Kò béèrè bí dígí iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kò gbé e dé gbangba wò. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló rà. Ta ló sì yẹ kó mọ̀ ju àwa ará Àjàṣẹ́ lọ pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí lè má sí nínú rẹ̀? Àwa la ni olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀. Ó wà nínú òfin, ó wà nínú àwòrán ilẹ̀, àwọn aṣòfin sì ń jókòó lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá Ààrẹ, Kútọnu ni yóò wọ ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ò le rárá. Bí wọ́n bá kọ 20-60x60 sára awò, 20 sí 60 ni ìlọ́po tó fi ń sọ nǹkan di ńlá. 60 tó kẹ́yìn ni fífẹ̀ dígí iwájú, ní mìlímítà. Ẹ fi 20 pín mítà 70. Ó di mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹni tó dúró ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí àmì ni ẹ ó ṣe máa rí i. Ẹni tí kò bá lè rí ọfà ara rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ márùn-ún, dókítà ojú ló yẹ kó lọ bá, kì í ṣe oníṣòwò awò.

Ẹ tún wá fi 20 pín 60 ti dígí. Ó di mìlímítà 3. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń tibẹ̀ wọ ojú, ọmọlójú èèyàn kì í sì í sábà là ju mìlímítà 2 sí 3 lọ nínú oòrùn ọ̀sán. Ojú ti yó. Bí ẹ bá wá fi ìwọra fà á dé 60, ìmọ́lẹ̀ náà ku mìlímítà 1. Àwòrán á tóbi, á sì ṣókùnkùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́ta fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo pápá á mì tìtì. Lọ́wọ́ ọ̀sán, ooru tó ń gòkè lára koríko á máa jó lójú yín, àmì á máa jó tẹ̀ lé e. Èyí tó burú jù ni pé ibi tí irú awò bẹ́ẹ̀ ń rí ní ìlọ́po 60 kì í sábà ju bíi mítà kan lọ ní ọ̀nà mítà 70. Èèyàn lè rí ọfà mẹ́fà tó jókòó jẹ́jẹ́ sínú àwọ̀ wúrà àárín àmì, kó fò sókè, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, kó tó mọ̀ pé àmì ẹlòmíì lòun ń wò.

Ti ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti Wàǹdó ńkọ́? Ẹ fi rúlà wọn dígí rẹ̀. Bó bá jẹ́ mìlímítà 40, ìmọ́lẹ̀ tó máa kù ò tó ìdajì mìlímítà. Ihò abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n fi owó rẹ̀ rà.

Òmùgọ̀ kejì wà, ó kàn jẹ́ pé bàtà tirẹ̀ ń dán. Òun ò ní ra ti Wàǹdó láéláé. Ti Swarovski láti Ọsítríà ló fẹ́, àwọn ńlá inú rẹ̀ sì ju 2,000 yúrò lọ. Yúrò kan jẹ́ 655.957 fránkì sẹ́fà, nítorí náà ó ti kọjá 1,300,000. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fàyè gbà ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 fránkì. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi gbààwẹ̀ kó tó rà á. Awò náà dára, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó ń wo ẹyẹ nínú òjìji igbó nírọ̀lẹ́ mọ ohun tó fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ihò ọfà lára páálí nínú oòrùn ọ̀sán gangan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi owó ilẹ̀ wò.

Awò 20-60x60 tí kò lórúkọ ńlá máa ń wà láàárín 60 sí 120 yúrò, ìyẹn bíi 40,000 sí 80,000 fránkì kí owó ọkọ̀ àti owó ibodè tó gun un. Ó tó. Bó bá jẹ́ mítà 18 inú ilé lẹ ti ń ta ọfà, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: awò olójú méjì tó ní ìlọ́po 8 ti sọ mítà 18 di mítà méjì àti díẹ̀.

Ẹ má gba ẹnu olùtajà gbọ́, ẹ má sì gba tèmi náà gbọ́. Ẹ mú páálí kan, kí ẹ fi ìṣó tó nípọn bí ọfà lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí i lára. Ẹ gbé e dúró, ẹ ka ìgbésẹ̀ títí ẹ ó fi tó mítà 70, kí ẹ fi awò wò ó ní ìlọ́po 20 sí 30. Bí ẹ bá rí ihò, ẹ rà á. Bí olùtajà bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kó tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ na awò síwájú ní gígùn apá, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà lójú ibi tí a ń yọjú sí. Bó bá rí roboto, ó dára. Bí etí rẹ̀ bá gé, tó fẹ́ ní igun, wọ́n ti ṣẹ́ owó kù nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń lo jígí ojú béèrè èyí tó ń jẹ́ kí ojú jìnnà sí i tó mìlímítà 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì àmì ni yóò máa rí. Ẹ̀bá ọ̀sà là ń gbé: èyí tí wọ́n dí pa, tí omi àti ìkùukùu ò lè wọ̀, ni kí ẹ mú. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò lójú dígí kí ẹ tó nù ún. Etí agbádá kì í ṣe aṣọ ìnugíláàsì.

Ẹnì kan á ní àwọn baba wa ò lo awò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn ìdásílẹ̀ Àjàṣẹ́ sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán ní àdúgbò Accron, níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ títí dòní lórúkọ Abẹ́sàn. Mẹ́sàn-án gééré ni wọ́n kà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ tí wọ́n ń bọ ní Kétu láyé àtijọ́, tí àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bahia, ọfà kan ṣoṣo ni ìtàn ní ó fi pa ẹyẹ tó ń dààmú ìlú. Ẹni tó ní ọfà kan ò kúkú ní èkejì tí yóò máa wá kiri. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún ìgbéraga yìí náà. Ọdẹ kì í dúró ní mítà 70. Ó ń rákò ni, ó ń di èémí mú, títí ẹran yóò fi wà nítòsí. Àwa ò ní rákò. A dúró sójú kan, a fẹ́ kí dígí bá wa rákò.

Ní ti ọba ayé tó wà nínú òwe, ó ti ń ríran jù báyìí. Níbi Ìdíje Òlíńpíìkì Paris 2024, Israel Madaye, ọmọ Chad, kojú Kim Woo-jin ti Kòríà Gúúsù. Ọfà rẹ̀ kan lọ bá òrùka funfun níta pátápátá: máàkì 1. Ọba ayé rí i, tọ̀run rí i, gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ rí i. Kò sí odó tó lè bo irú orí bẹ́ẹ̀. Máàkì 15 nínú 30 ló rí gbà ní abala yẹn. Ní abala tó tẹ̀ lé e, ó gba 25. Kim ló borí ní 6 sí 0, ó sì gba wúrà mẹ́ta kó tó kúrò ní Paris. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín 15 àti 25. Madaye ò pààrọ̀ awò. Ó gbé ọrun rẹ̀ sókè, ó fa ọṣán, ó sì ta á dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá pọ̀ níbi ìdárayá, ẹ dá àjọ. Ẹni mẹ́wàá, 8,000 fránkì lọ́kọ̀ọ̀kan: awò kan ṣoṣo ti dé. Kí ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹni gíga àti ẹni kúkúrú lè jọ máa lò ó, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí tafàtafà ò fi ní yẹ ẹsẹ̀ kúrò lójú ìlà kó tó yọjú. Ẹ fi ìdí aláwọ̀ títàn sí ọfà yín. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ó sì ń rọrùn láti rí ju ihò inú òrùka dúdú lọ. Ẹ fi gbogbo owó tó kù gba olùkọ́. Bí ẹ bá sì ra awò náà tán, tí ẹ ti yà á ní fọ́tò, tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé láti ra ọfà.