Tírélà Tí Mo Kàn, Tírélà Tí Mo Rà

Ẹni tó ń fi àga àti kánópì háyà ní agbègbè Ọ̀jọ́ wa yìí mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà sá lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ ní Àjàngbàdì á ná owó igba àga títí ẹnu á fi bó ọ. Awakọ̀ dáńfó tó kó àga náà lọ á wá gba ìdajì owó ọ̀hún, kò sì ní jẹ́ kí o ná an lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wá di Sátidé tí ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìṣílé kọlura, á tún fowó lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní n óò ní tírélà tèmi. Kì í ṣe gọgọrọ tó ń gbé kọ̀ǹténà bọ̀ láti Àpápá o. Kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tí n óò so mọ́ ìdí Camry mi, tí n óò máa fà kiri.

Ìyàwó mi, tó ń kọ ìwé owó wa, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Bàbá Tómi, ẹ lọ ra tòkunbọ̀ tó ti délẹ̀." Mo lọ béèrè owó tòkunbọ̀, mo sì padà wálé wá fi bírò ṣe ìṣirò. Irin, táyà, owó iṣẹ́: bí mo bá ní kí wọ́n kàn án, ìdajì owó tòkunbọ̀ ni yóò ná mi. Mi ò ka iná ẹ̀yìn sí i, mi ò ka wáyà, mi ò ka ọ̀dà. Ká má tíì sọ epo jẹnẹrétọ̀. Ìgbéraga ló ń bá mi ṣe ìṣirò. Mo ní ṣebí Ọ̀jọ́ yìí náà ni Volkswagen gbé ilé iṣẹ́ wá lọ́dún 1975, tí wọ́n ń to mọ́tò Ìjàpá níbẹ̀, tí àwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń ké "Volks! Volks!" títí dòní. Ìlú tó to odindi mọ́tò, ṣé tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni yóò wá dà á láàmú?

Wẹ́dà tí mo gbé e fún ní yóò parí lọ́jọ́ Friday. Friday kọjá, òmíràn tún kọjá. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, nítorí àwa ará Òkókómáíkò ti mọ̀ nípa ìdúró. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì lójú sí i, tí wọ́n sì ní ọkọ̀ ojú irin yóò gba àárín rẹ̀ wá bá wa láti Màrínà. Oṣù kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló sì mọ. Kí wá ni tírélà?

Ọjọ́ tí wẹ́dà fẹ́ jó ásẹ́lì mọ́ ọn ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ibo ni ká gbé e sí?" Mo ní kó gbé e síwájú dáadáa, kó sún mọ́ mọ́tò, kó lè rọrùn fún mi láti yí wọ géètì. Ó wò mí, ó wo irin, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lowó." Tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá sọ báyìí fún yín, ẹ tètè bẹ̀ ẹ́ kó sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

Òde àkọ́kọ́, Ẹ̀sítéètì Ìbà là ń lọ. Nítorí pé kánópì la máa ń kọ́kọ́ ta, mo to àga síwájú, mo wá di gbogbo irin kánópì sẹ́yìn kó lè tètè ṣeé sọ̀. A rọra dé Ìyànà Ìbà. Bí a ṣe fẹ́ yà sọ́nà LASU ni a gun gálọ́pù kan. Irin kánópì yọ́ sẹ́yìn gbàràgàdà, ìdí tírélà já lulẹ̀, ọrùn rẹ̀ gbéra sókè, ó sì gbé ìdí mọ́tò mi dání. Mo kàn rí i pé ojú ọ̀dà ni mò ń wò láti inú gíláàsì iwájú. Camry mi dọ̀bálẹ̀ ní gbangba Ìyànà Ìbà.

Àgbèrò kan ló kọ́kọ́ kígbe pé, "Bàbá, a ti gbà, ẹ ní kó dìde!" Akẹ́kọ̀ọ́ fa fóònù yọ. Mo fa háńbùréèkì kí n lè sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò ṣì ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí háńbùréèkì ń dì mú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Àwọn dáńfó tó wà lẹ́yìn ń fi họ́ọ̀nù bú mi.

Ọmọ Hausa kan tó ń ti ọmọlàńkẹ́ ló gbà mí. Ó gbé ti ẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Alhaji, ẹrù pọ̀ lẹ́yìn jù." Èmi tí mò ń kọrin nínú kúáyà! Ó fi gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé ọrùn tírélà, ó ní káwọn ọmọkùnrin méjì kó irin síwájú, mọ́tò sì dìde. Ó wá na ìka sí ọmọlàńkẹ́ rẹ̀ kí n rí i: táyà wà láàárín, ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì fi díẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tì í. Mo fún un lówó, ó kà á, ó ní owó agbára nìyẹn, ti ọpọlọ ńkọ́? Mo fi kún un.

Ohun tó fi hàn mí yìí náà làwọn tó ń ṣe tírélà lókè òkun ń kọ sínú ìwé wọn: ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀ wà lórí ìkọ́ mọ́tò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 500 kìlógíráàmù, 50 sí 75 ló yẹ kí ìkọ́ gbé. Tèmi kò tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀ rárá, òkè ló ń fà á lọ.

Wẹ́dà gé ásẹ́lì, ó gbé e sẹ́yìn, ó gba owó iṣẹ́ tuntun. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé táyà kan jẹ́ nọ́ńbà 13, èkejì 14, tó fi ń tiro. Ìyàwó mi ṣí ìwé owó, ó ka àròpọ̀ rẹ̀ sókè ketekete láìwo ojú mi. A ti kọjá owó tòkunbọ̀.

Ẹlòmíràn á fara mọ́ èyí tó ní. Èmi lọ ra tòkunbọ̀ náà. Láti ìlú Òyìnbó ló ti wá, ó dára, wọ́n kọ 750 kìlógíráàmù sí i lára, nítorí òfin ibẹ̀ gbà kí tírélà tí kò ju ìwọ̀n yẹn lọ wà láìní bíréèkì. Ẹnu rẹ̀ tó ń gba bọ́ọ̀lù ìkọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 50. Bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí mọ́tò mi sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, íǹṣì méjì, ìyẹn 50.8. Kò wọlé. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ní nítorí ohun tí kò tó mìlímítà kan? Mo fi hámà lù ú wọlé.

Ó wọlé, kò sì jáde mọ́. A ṣe òde Sátidé tán ní Ọ̀jọ́, a sọ ẹrù, a fà á, a mì ín, a gbà á ní hámà, ó di mọ́tò mú ṣinṣin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ aṣọ kúáyà, mo sì fa tírélà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ́ṣà tó ń darí mọ́tò wá sí fèrèsé mi, ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kó ìkórè wá ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ páàkì sẹ́yìn.

Mẹkáníìkì ló bá mi yọ ọ́ lọ́jọ́ Monday, mo sì ra bọ́ọ̀lù 50 tí owó rẹ̀ kò tó owó epo tí wẹ́dà jó dànù. Láti ọjọ́ náà, tírélà yẹn kò dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, dáńfó kò sì rí owó mi gbà. Tí ẹ bá ń wá ìmọ̀ràn, ẹ rà á, kí ẹ sì wọn ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí mo kàn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sórí rẹ̀. Mo fẹ́ tà á. Ásẹ́lì rẹ̀ ti wà níbi tó yẹ, táyà nìkan ló kù kẹ́ ẹ mú dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìyàwó mi ni kó kówó fún.