Kí Ni Alhája Ṣe Tó Burú?

Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá ni. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í pàtẹ́wọ́ lásán. Ẹsẹ̀ eégún ni wọ́n ń wò. Èyí tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lójú agbo, ará ilé rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dorí kodò. Láyé tiwa, a ti gba ara wa lọ́wọ́ wàhálà ìyẹn. Agọ̀ nìkan là ń wò. Bó bá ti jẹ́ agọ̀ ilé wa, ó ti jóore nìyẹn, ì báà tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, kó lọ jókòó ti àwọn tó ń jiyàn lórí King of Boys, fíìmù tí Kẹ́mi Adétiba gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Fíìmù ọ̀hún lé ní wákàtí méjì àbọ̀. Gúgúrú tán lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní sinimá, wọn ò dìde. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Alhája Ẹniọlá Sàlámì: gbajúmọ̀ oníṣòwò tó ń ṣàánú mẹ̀kúnnù lójú ayé, olórí àwọn ọ̀daràn Èkó lábẹ́lẹ̀. Ó ti náwó sórí òṣèlú débi pé ipò mínísítà ti di tirẹ̀ lójú ara rẹ̀. Gobir, òṣìṣẹ́ ìjọba, ń tọpasẹ̀ owó rẹ̀; Makanaki, tí olórin Reminisce ṣe, ń fẹ́ gba àga nídìí rẹ̀. Kí a má purọ́, fíìmù náà dùn. O ò ní mọ ẹni tó máa dalẹ̀ ẹnì kejì títí tí yóò fi dà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ. Òde àríyá Alhája ń lọ lọ́wọ́, ó yọ́ kúrò láàrin àlejò, ó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ lu ẹnì kan lálùbami, ó sì padà wá bá wọn jó. Wọ́n ní, “Ìyá nìyá ń jẹ́!” Gobir tó ń béèrè ibi tí owó ti wá, òun ni wọ́n ní ó ti le jù. Kí ló kàn án? Ṣé owó bàbá rẹ̀ ni?

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé kan náà yìí ni gbogbo ayé mọ̀ sí Tóyìn Tòmátì nínú Super Story níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè. Tóyìn Tòmátì gba ọkọ ọlọ́kọ ni o, èpè tí àwọn ìyá wa ṣẹ́ fún un níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà pọ̀ ju iye oṣù tí wọ́n fi ń wò ó lọ. Ó wá kúrò nídìí ọkọ ọlọ́kọ, ó bọ́ sídìí ẹ̀mí ẹlẹ́mìí, wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé ìjọba. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ òṣèlú kò ṣòro kà: má ṣe jí ọkọ, ohun tó kù, jí i.

Ọ̀rọ̀ Ààrẹ Akínwándé, bàbá ìsàlẹ̀ tí Akin Lewis ṣe, náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wo fíìmù yẹn ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọmọ ẹgbẹ́ yìí ní bàbá ẹgbẹ́ tọ̀hún ni; ẹgbẹ́ tọ̀hún ní ẹ tún un wò dáadáa, bàbá tiyín ni. N kò tíì pàdé ẹnì kan ṣoṣo tó ní, “Ha, olórí tiwa rèé.”

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí nígbà fíìmù Saworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde lọ́dún 1999, ọdún tí àwọn ológun kó ẹrù wọn kúrò lórí oyè. Lápité, ọba inú fíìmù náà, kọ̀ kò gba gbẹ́rẹ́ oyè kó tó dé adé ìlú Jogbo, ó ń fi igbó ìlú ṣòwò, Lágàta ológun sì wá gba adé mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn tán tó ní òun yóò fi Lápité jọba ní tòun. Bóyá torí pé Lápité kò mọ gèlè wé.

Nígbà tí apá kejì King of Boys dé lórí Netflix ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, tí wọ́n pín sọ́nà méje, Alhája ti ìlú òkèèrè dé, ó ní gómìnà Èkó lòun fẹ́ ṣe. Makanaki tí gbogbo wa gbà pé ó ti kú náà yọ padà. Ìjà dé láàrin àwọn òǹwòran. Báwo ló ṣe yè é? Ta ló gbé e lọ sílé ìwòsàn? Àfi kí Kẹ́mi Adétiba wá ṣàlàyé! Inú mi dùn, mo ní a ti wá ń béèrè àlàyé báyìí. Títì àdúgbò àwọn kan nínú wọn náà kú láti ìjọba tó kọjá, kò jí bíi Makanaki, owó tí wọ́n ní àwọn fi ṣe é sì wà níbi tó wà. Ìyẹn kò dá àríyànjiyàn kankan sílẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ní ẹ jẹ́ kí Alhája wọlé, obìnrin ṣáà ni. Òótọ́ ni pé Nàìjíríà kò tíì dìbò yan obìnrin sípò gómìnà rí. Virginia Etiaba tó ṣe gómìnà Anambra fún oṣù díẹ̀, láti 2006 wọ 2007, ìyọnípò ọ̀gá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Àwọn obìnrin tó mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ ti ń du oyè náà tipẹ́, a ní wọn ò “le” tó. Inú fíìmù la ti wá rí èyí tó le.

Ọjọ́ ìdìbò gómìnà Èkó lọ́dún 2023, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7. Àwọn tó jáde fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn yòókù wà nílé, wọ́n ń wo fíìmù.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní Alhája lòun máa dìbò fún bó bá wà láyé: kí ni ètò rẹ̀ lórí ilé ìwòsàn, lórí omi, lórí títì? Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ò mọ fíìmù wò.”