Ìkarahun Ló Ń Fa Ìgbín

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Wọ́n ń fi òwe yìí sọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kò ṣeé yà nípa, wọ́n sì ń fi í rán wa létí ẹni tó yẹ kó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ò dé Dover ní ìlú Ọba. Ká ní wọ́n dé èbúté náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, tí wọ́n rí àwọn ọkọ̀ funfun gàgàrà tí wọ́n kọ́ ilé sínú wọn, bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Calais ní Faransé, bóyá wọn ì bá tún òwe wọn yẹ̀ wò. Ìkarahun ló ń ṣíwájú níbẹ̀. Ìgbín ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó di ìwé mọ́yà.

Motorhome ni wọ́n ń pe ọkọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá rà á, òmìnira ló ní òun rà. Òun á jí ní Faransé, òun á jẹun ọ̀sán ní Bẹ́ljíọ̀mù, òun á sùn ní Jámánì, kò sẹ́ni tí yóò bi òun pé níbo lò ń lọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ òmìnira yìí wò tinú tẹ̀yìn.

Ẹ mú tọkọtaya Yorùbá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, irú wọn ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Dádì ti fẹ̀yìn tì, Mọ́mì ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn. Wọ́n ra ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Swítsáláǹdì dé Ítálì. Láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń ra nǹkan.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní ìlú Ọba láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1997 síwájú, bíi ti Dádì, ọkọ̀ tí kò ju 3,500 kìlò lọ ni òfin fún un láyè láti wà, àfi tó bá tún ṣe ìdánwò mìíràn. Ọkọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n o. Èèyàn wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí Mọ́mì kì bọ kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ká ní 500 kìlò ni wọ́n lè kó sínú ọkọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì fúnra wọn gba 160. Táǹkì omi gba 100, torí lítà omi kan, kìlò kan ni. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì gba 50, ìgò gáàsì méjì gba 50, tapólì ìta pẹ̀lú àga àti tábìlì gba 50. Kìlò 90 ló kù fún gbogbo ayé.

Ààbọ̀ àpò gàrí gba 25 nínú rẹ̀. Aṣọ gba 40, torí Mọ́mì ní èèyàn ò lè mọ̀ bí wọ́n bá máa pe àwọn sí ìnáwó ní Milan. Tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwo sátẹ́láìtì rẹ̀ gba 20. Nígbà tí Dádì tẹ̀ba wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pariwo.

"Mọ́mì, kí ni mo rí lábẹ́ ibí yìí?"

"Odó ni, Dádì. Kékeré ni."

"Odó! Ṣé àwọn ará Swítsáláǹdì lo fẹ́ gúnyán fún ni?"

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Òkè tí ẹ fẹ́ lọ wò, inú tẹlifíṣọ̀n lẹ ti máa wò ó ni?"

Dádì ò fèsì. Odó, ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa gba 45. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, òṣùwọ̀n ní 3,540. Wọ́n ti fi 40 kọjá òfin, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù lè dá ọkọ̀ dúró kó wọ̀n ọ́n, kó bu owó ìtanràn lé e, kó sì ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹrù yóò fi fúyẹ́. Tọkọtaya gbìmọ̀ pọ̀ lórí ohun tí wọn yóò yọ. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n da lítà omi 40 nù. Odó ò kúrò, tẹlifíṣọ̀n ò kúrò. Omi tí ẹ̀dá fi ń wà láàyè ló sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Dádì kan ní kí ló dé, ṣebí wọ́n lè lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n kọ 3,850 sí i. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ti kọjá 3,500 nínú ìwé, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Dádì ò ká a mọ́. Ní Swítsáláǹdì, káàdì ọdọọdún tó jẹ́ 40 fráǹkì fún títì márosẹ̀ kò wúlò fún un mọ́, owó orí ọkọ̀ ńlá ni yóò san. Bí wọ́n bá yà sí Ọ́stríà, wọn yóò so ẹ̀rọ kan mọ́ gíláàsì iwájú tí yóò máa ka owó títì bí wọ́n ṣe ń lọ. Ní Faransé, láti ọdún 2021, wọn yóò lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, láti fi han ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ibi tí awakọ̀ ò ti lè rí wọn. Tìtorí odó.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Jámánì ò gbà kí ọkọ̀ tí kò ní sítíkà aláwọ̀ ewé wọ àárín ìlú, nítorí èéfín. Antwerp àti Brussels ń fẹ́ kí ọkọ̀ àjèjì forúkọ sílẹ̀ kó tó yọjú. Ní Florence àti Róòmù, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àárín ìlú. Kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí àlejò ti padà délé, tó ń fi fọ́tò yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìtanràn á bá a lẹ́nu ọ̀nà. Gáàsì pàápàá ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀: ìgò tí wọ́n rà ní ìlú Ọba, kò sí ṣọ́ọ̀bù Faransé tí yóò gbà á kó fún wọn ní èyí tó kún.

Calais ni ìyà tún ti jẹ kúlà. Láti ìgbà tí ìlú Ọba ti kúrò nínú ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, arìnrìn-àjò ò gbọdọ̀ mú ẹran tàbí wàrà wọlé láti ibẹ̀. Ẹran díndín tí Mọ́mì fi ọjọ́ odindi kan dín, pọ́nmọ́ tó ti rẹ ata sí, inú garawa aṣọ́bodè ni wọ́n ń lọ. Ẹja gbígbẹ lè kọjá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè kọjá. Iṣu ò lè kọjá láìní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Odó dé Faransé láyọ̀ àti àlàáfíà, kò bá iṣu pàdé níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí òmìnira yẹn? Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ìlú Ọba ò lè lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 ní agbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ṣí ààlà wọn sílẹ̀ fún ara wọn. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú àlejò, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń bá a ka ọjọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ńkọ́? Òfin aṣọ́bodè ilẹ̀ Yúróòpù fún ọkọ̀ tí àlejò ń lò fún ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Ìkarahun ní oṣù mẹ́fà, ìgbín ní oṣù mẹ́ta. Ẹ sọ fún mi ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn.

Ti ẹni tó ṣì di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú tún yàtọ̀. Kò sí bó ti pẹ́ tó ní ìlú Ọba, yóò gba físà Schengen. Láti 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀. Yóò ní ìwé ìdójútòfò ìrìn-àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Orílẹ̀-èdè tó ti máa pẹ́ jù lọ ni yóò kọ̀wé sí, bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì dọ́gba níbi gbogbo, èyí tó máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Wọn yóò wá béèrè ẹ̀rí ibi tó fẹ́ máa sùn. Ká ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Dádì, ẹ fojú inú wò ó níwájú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba físà:

"Ibo lẹ máa dé sí, sà?"

"Ilé mi ni."

"Ilé yín wà ní Faransé?"

"Ó wà níta, mo páàkì rẹ̀ síbẹ̀."

Nínú gbogbo èèyàn tó tò sórí ìlà lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló gbé ilé wá, òun náà sì ni wọ́n ní kó lọ mú ìwé ibùsùn wá. Bó ṣe di pé ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọkọ̀ tún ń sanwó ibi ìpàgọ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú nìyẹn.

Ọ̀nà náà ní tirẹ̀. Dádì fẹ́ gun òkè Stelvio ní Ítálì, torí ó ti rí i nínú fídíò. Ọ̀nà yẹn ga ju 2,700 mítà lọ, kọ́nà kọrọdọ 48 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀ nìkan, yìnyín sì máa ń tì í pa fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Alùpùpù a máa kọrin níbẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà méje, tó ga tó mítà mẹ́ta, ẹkún ni yóò máa sun ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì dé ibi ìgbọ́kọ̀sí tí àwọn ará Faransé ń pè ní aire, tí Jámánì ń pè ní Stellplatz, wọ́n á bá ogún ilé mìíràn lórí ọ̀dà, fèrèsé kojú sí fèrèsé, ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ ni kò sì fàyè gbà wọ́n láti ta tapólì tàbí gbé àga síta. Wọ́n sá fún aládùúgbò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wakọ̀ ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ bá òmíràn.

Ní ìdájí, Dádì á yọ póò ike kúrò lábẹ́ ṣáláńgá, á bò ó dáadáa, á fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á nù, á máa kí àwọn òyìnbó tó ń fa tiwọn bọ̀. Àwọn agbépóò Èkó àtijọ́ máa ń rìn lóru kójú má bàa ti ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ wọn. Dádì tó ti fẹ̀yìn tì yìí, òun ló ra iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ní kí a má rìn o. Ọ̀nà ò ba Yorùbá lẹ́rù rí. Moshood Ọlábísí Àjàlá fi Vespa yí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ká, ó kọ ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní 1963, orúkọ rẹ̀ sì di èyí tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tí kò gbé ojú kan. Ní 2024, Pelumi Nubi wa Peugeot 107, ọkọ̀ kékeré, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Kò sáyè fún odó lórí Vespa. Ẹni tí kò gbé ìkòkò dání, ọbẹ̀ onílé ni yóò tọ́ wò. Ẹni tí kò gbé bẹ́ẹ̀dì dání, yóò kanlẹ̀kùn, yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ ṣeun" ní èdè ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Àìní ló mú un mọ ayé. Tọkọtaya wa ti ní gbogbo nǹkan, wọ́n ò nílò ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ gàrí Lọ́ńdọ̀nù la orílẹ̀-èdè márùn-ún já. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi Dádì pé báwo ni Florence. Ó ní ìlú náà dáa, àmọ́ kò rí ibi tó bójú mu da póò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ wọn ọkọ̀ yín, ẹ ka ọjọ́ yín, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà yín máa kú, ẹ sanwó títì kí kámẹ́rà tó san án fún yín. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ odó kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ra tòmátì lọ́jà ìlú tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ bi onítòmátì bí wọ́n ṣe ń sè é. Bí ẹ̀rọ atọ́nà bá ní kẹ́ ẹ gba abẹ́ afárá tó rẹlẹ̀ jù yín lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bi ará àdúgbò, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àjò kì í dùn kónílé má relé, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà ni. Ẹni tí kò fi ilé sílẹ̀, àjò wo ló lọ?